Kò sí ẹni tí wọ́n bí mọ iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀

Gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá ti jáde pé wọ́n fẹ́ dá àwọn kánsẹ́lọ̀ tuntun lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn èèyàn máa ń sọ: "Ẹ̀kọ́ wo ni kánsẹ́lọ̀ tún fẹ́ kọ́? Kó wá tún gọ́tà wa ṣe, ó tán." Èrò wa ni pé ẹni tó bá ti mọ ará àdúgbò, tí kì í pa ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú jẹ, tó sì lawọ́, iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ti yé onítọ̀hún. Irọ́ ni. Àwa aráàlú ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Gọ́tà gan-an kì í ṣe iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀. Alága káńsù àti àwọn súpáfáísọ̀ tó yàn ló ń gbé iṣẹ́ fún kọngílá. Aṣòfin ni kánsẹ́lọ̀ tí wọ́ọ̀dù dìbò yàn. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe òfin káńsù, àwọn ló ń yẹ ìwé ìṣúná wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àwọn ló sì yẹ kó máa bi alága léèrè bó ṣe náwó. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, ka ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtírí, orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé, àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó tún fún wọn ní ipa tiwọn nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ta ló ti òde ìsọmọlórúkọ mọ gbogbo ìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin kan wáyé ní 1998 tó pín owó orí àti àwọn owó mìíràn tí ìjọba ń gbà láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ bọ́ sọ́wọ́ káńsù, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí ẹni tó fẹ́ dí títì nítorí òde máa san. Owó ọjà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ bí owó ìpínlẹ̀ bá wà nínú ọjà náà, kì í ṣe ti káńsù mọ́. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dínà láti gba owó orí. Kánsẹ́lọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó ka èyí pẹ̀lú rẹ̀ lè rí àwọn géńdé tó fi igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ dínà mọ́ ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, tí wọ́n ń já rìsíìtì, kó rò pé iṣẹ́ káńsù ni wọ́n ń ṣe. Ìyá tó ni tòmátì inú ọkọ̀ yẹn á san án, á sì gbé e lé iye tó máa tà á fún wa.

Ìwé ìṣúná ló le jù. Ká ní ẹ ṣí ojú ewé kan, ẹ rí "àtúnṣe ọkọ̀": ₦4,000,000 ni ilé ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, ₦1,200,000 ni wọ́n ná, ₦9,000,000 ni wọ́n wá ń béèrè lọ́dún yìí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, "oògùn ilé ìwòsàn alábọ́dé": ₦2,000,000 ni wọ́n fọwọ́ sí, kọ́bọ̀ kan ò jáde. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ á fi iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tí wọ́n ná àti iye tí wọ́n ń béèrè wéra, á sì ní kí wọ́n ka ọkọ̀ káńsù fóun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọn kò kọ́ á wo àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé, á nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ èèyàn dáadáa, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ tó nà sókè yẹn ló gba oògùn lọ́wọ́ aboyún wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ohun kan wà tí a kì í sábà rántí. Lẹ́yìn àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976, yunifásítì Ifẹ̀, ti Zaria àti ti Nsukka ni wọ́n yàn láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ níṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ akápò àti àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìwé wá síwájú ilé ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́, kánsẹ́lọ̀ tó máa fọwọ́ sí i sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láná ni. Ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, ọdún mẹ́ta péré ló máa lò. Bó bá fi ọdún kan wòye, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ. Dìgíríì kò sì yanjú rẹ̀: lọ́yà tí kò ṣí ìwé ìṣúná káńsù rí àti oníṣòwò tí kò ṣí i rí, ojú kan náà ni wọ́n wà.

Àwọn tó ń bínú sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ẹjọ́ tiwọn, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo kánsẹ́lọ̀ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú òkèèrè, ẹnì kan á ka ìwé àkọsílẹ̀ fún wọn fún wákàtí méjì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba aláwánsì, wọ́n á padà sílé. Owó wa ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, ó sì ń dùn mí. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni kíkọ́ èèyàn níṣẹ́. Inú gbọ̀ngàn káńsù fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, láàárín oṣù àkọ́kọ́, kí ìwé ìṣúná tiwọn gan-an wà lórí tábìlì, kí akápò àti ọ̀dítọ̀ wà níjòókòó láti dáhùn ìbéèrè. Kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ìṣúná tuntun bá ń bọ̀. Kò gba hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kó má gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá mọ́. Bí owó náà bá dé lóòótọ́, àwọn kánsẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ máa ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ bi í: ọjọ́ wo ni ilé fọwọ́ sí ìṣúná ọdún yìí? Òfin káńsù wo ni wọ́n fi ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà wa? Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó káńsù, ọjọ́ wo sì ni? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù fúnra yín kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé ìṣúná náà. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn.