Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dí ọ̀nà igbó, ọ̀rẹ́ mi gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: ṣé kí n tún bá a jáde?

Adéwálé Ará Houston: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston mọ igbó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sam Houston National Forest, lápá Conroe lọ́hùn-ún. Wọ́n la ọ̀nà nǹkan bíi máìlì 85 síbẹ̀ fún alùpùpù àti ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, àmọ́ tí òjò bá ti pọ̀ jù, wọ́n á tì í títí ilẹ̀ á fi gbẹ. Ní Sátidé tó kọjá, àwa mẹ́ta gbé tiwa lọ lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì. A bá ẹ̀wọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti ẹnì kejì ní ká yí padà. Ẹnì kẹta ní òun ò lè wakọ̀ wákàtí kan ààbọ̀ wá wo ẹ̀wọ̀n, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Nígbà tó jáde, mo fẹsẹ̀ rìn wọlé lọ wo ibẹ̀. Ipa táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún mi. Ọmọ igi páìnì mẹ́rin ti wó mọ́lẹ̀. Omi pupa ti ń gba inú ipa táyà náà ṣàn lọ sódò, àfi bí ẹni pé wọ́n la gọ́tà fún un. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó sì jù mí lọ. Ṣé kí n tún bá a jáde, àbí kí n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó?

Síkírá Òṣogbo: Wákàtí kan ààbọ̀ nítorí kẹ́ ẹ lè gun alùpùpù nínú igbó? Àwa níbí, owó là ń san kí ọlọ́kadà gbé wa kúrò nínú igbó.

Bàbá Ṣẹ́gun: Ẹ ti wá ń mu igbó ní Amẹ́ríkà? Mi ò ka ìyókù.

Adéwálé Ará Houston: Bàbá, igbó onígi ni o. Ẹ bá mi kà á.

Kọ́lá Dallas: Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò jẹ̀bi. Igbó gbogbo ayé ni, owó orí wa ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀. Ta ló lè fi ẹ̀wọ̀n dí mi lọ́nà ohun tí mo sanwó fún?

Ọmọ Ọdẹ: Owó orí rẹ náà ni wọ́n fi la títì márosẹ̀, ṣé o máa ń wa ọkọ̀ lòdì níbẹ̀? Láti 1972 ni Ààrẹ Nixon ti pàṣẹ pé kí wọ́n ya ibi tí irú ọkọ̀ báyìí lè gbà sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tó di 2005, àwọn tó ń tọ́jú igbó ṣòfin pé ọ̀nà tí kò bá sí lórí máàpù wọn, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gbà á. Ọ̀fẹ́ sì ni máàpù náà. Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ gba ibi tí wọ́n ní kó o gbà.

Kọ́lá Dallas: Ṣé máàpù ni mo fẹ́ jẹ ni? OWÓ ORÍ MI NI. Ta lo sì ń sọ "o" sí?

Ìyá Ìbejì Katy: Ẹ̀yin ọkùnrin, omi pupa tó sọ yẹn ńkọ́? Igbó yẹn bá Lake Conroe pààlà. Ní 1973 ni wọ́n parí adágún yẹn, lára ìdí tí wọ́n sì fi sé odò San Jacinto ni kí Houston lè rí omi lò. Ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ bá tú nínú igbó, òjò ló ń gbé e lọ sódò, odò á sì gbé e lọ sínú adágún. Omi tí mò ń fi se àmàlà ni ẹ ń fi táyà rò yẹn.

Bàbá Ṣẹ́gun: Àmàlà ti dé. Ó kù gbẹ̀gìrì.

Ọmọ Ọdẹ: @Kọ́lá Dallas, ìwọ ni mo sọ "o" sí. Èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

Kọ́lá Dallas: Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Mo ti lé ní 45. Irú ẹ wà níṣọ́ mi.

Téjú Mẹkáníìkì: Adéwálé, ṣé asẹ́ wà nínú sáléńsà ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ? Àwọ̀n wáyà kékeré ni, òun ló ń dá iná tó fẹ́ ta jáde dúró. Wọn ò gbà kéèyàn gun ọkọ̀ láìsí i nínú igbó ìjọba. Lóṣù tó kọjá, mo tú ti oníbàárà mi kan. Èédú ti dí i pa, dípò kó fọ̀ ọ́, ó fi ìṣó lu àwọ̀n náà já kí ọkọ̀ lè rí èémí mí. Ewé páìnì gbígbẹ sì há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó gbóná, apá kan rẹ̀ ti jó dúdú. Ohun tó lè sun igbó náà ni wọ́n gbé wá bá mi láti da epo sí. Mi ò jẹ́ kó gbé e lọ títí mo fi fi òmíràn síbẹ̀.

Àdùkẹ́: Eye akoko wa ninu igbo yen o, ofin de won.

Síkírá Òṣogbo: Àkókò kí ni?

Bàbá Ṣẹ́gun: Ewé akòko? Ṣé wọ́n ń jẹ oyè ní Texas ni?

Àdùkẹ́: Ẹ má bínú, fóònù mi ò gbé àmì. Ẹyẹ àkókó ni, èyí tó ń sọ igi. Irú tó wà níbẹ̀, páìnì tó ṣì wà láàyè ló ń gbẹ́ ihò sí, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ihò kan ṣoṣo. Á tún máa sọ ara igi náà yí ká kí oje lè ṣàn, kí ejò má bàa rí i gùn. Ní 1970 ni Amẹ́ríkà kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́ parun. 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ara ẹ̀ ti ń mókun díẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n fi ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún tọ́jú, ẹ ń gbé ariwo lọ sídìí igi rẹ̀.

Bàbá Ṣẹ́gun: Ṣé àkókó tó ní òun á gbẹ́ pósí náà nìyẹn, tí ìyá rẹ̀ kú tí kò rí nǹkan kan gbẹ́? Ó ti wá ríṣẹ́ ní Texas!

Síkírá Òṣogbo: Háà, Bàbá!!! 😂😂

Ọmọ Ọdẹ: @Kọ́lá Dallas, mo jù ọ́ lọ. 51 ni mí. Ó yá, kúnlẹ̀.

Kọ́lá Dallas: Irọ́! Ẹni 51 kì í pe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ní kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni Márúwá. O ò gun ọ̀kan rí láyé ẹ.

Táíwò D.: Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gan-an, ṣé ajá ni?

Ará J4: Ẹ jẹ́ n sọ tibi tiwa. Igbó Omo ní Ìjẹ̀bú, láti 1977 ni UNESCO ti kà á mọ́ igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ ṣọ́. Erin ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé kòkó wa jáde, mi ò lè purọ́, láìsí i ebi á pa wá. Ṣùgbọ́n mo ti fojú ara mi rí i: ọ̀nà tóóró tí ọlọ́kadà kan là lọ́dún yìí nítorí àpò kòkó méjì, lọ́dún tó ń bọ̀, agégi á ti gbé ẹ̀rọ gbà á wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀wọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fojú tín-ín-rín ẹ̀wọ̀n yẹn.

Kọ́lá Dallas: Ìjẹ̀bú kọ́ là ń sọ. OWÓ ORÍ MI NI WỌ́N FI RA Ẹ̀WỌ̀N NÁÀ.

Bàbá Ṣẹ́gun: Ó ṣá dá mi lójú pé ọmọdé kì í fẹjọ́ àgbà sun ọlọ́pàá.

Ìyá Ìbejì Katy: Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ igi mẹ́rin ni àgbà tiwa yìí fi táyà tẹ̀ pa. Wọn ì bá ti ga jù mí lọ kí àwọn ìbejì mi tó jáde ilé ìwé.

Ọmọ Ọdẹ: @Kọ́lá Dallas, fi káàdì ọjọ́ ìbí ẹ hàn.

Kọ́lá Dallas: Fi tìẹ hàn ná.

Adéwálé Ará Houston: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi ńkọ́? Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. Ó ní òjò ti dá, ká pàdé ní aago mẹ́fà ìdájí Sátidé. Mo wo ojú ìwé àwọn onígbó, wọn ò tíì ṣí i.

Táíwò D.: Tábìlì náà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni.

Kọ́lá Dallas: Táíwò, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀ sí mi?

Téjú Mẹkáníìkì: Adéwálé, mú tọ́ọ̀ṣì dání. Bó bá dé, yẹ sáléńsà ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun.

Síkírá Òṣogbo: Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, èló ni wọ́n ń ta ọ̀kan nínú ẹ̀? Àbúrò mi ń béèrè, oko wọn jìn.