4K ní 60 kọ́ ni ẹwà fídíò

“Ọmọ mi, bá mi gbé e sí 4K, kó o tẹ 60, kó lè mọ́ rekete.” Ohun tí màmá oníléèsì kan sọ fún mi nìyẹn bí wọ́n ṣe ń na fóònù wọn sí mi nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjà Gbági tuntun, n'Ìbàdàn. Ọmọ wọn tó wà ní Houston ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo gbé e síbẹ̀, mo ya léèsì funfun kan. Lẹ́yìn náà ni mo dá fóònù padà sí 1080p ní 25, mo ní kí ọmọṣẹ́ wọn gbé léèsì náà wá sẹ́nu ọ̀nà, mo tún un yà. Màmá wo méjèèjì lórí WhatsApp, wọ́n ní aṣọ inú ti àkọ́kọ́ rí bí òkìríkà.

Ẹ lè ní mo rẹ́ wọn jẹ, torí mo gbé e wá síbi ìmọ́lẹ̀. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi fídíò tajà ló gbà pé nọ́ńbà tó ga jù nínú settings ni fídíò tó rẹwà jù. Nọ́ńbà náà kì í kúkú ṣe irọ́. 4K jẹ́ pixel (àwọn tótó kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 3840 ní ìbú, 2160 ní òró. 1080p jẹ́ 1920 sí 1080. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin gééré ni. Ṣùgbọ́n iye ojú tí fóònù fi wo aṣọ ni pixel ń sọ, kò sọ bóyá àwọn ojú náà ríran.

60 ló ń ba nǹkan jẹ́ jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò tó ń sáré tẹ̀lé ara wọn ni fídíò. 25 túmọ̀ sí pé fóònù ń ya fọ́tò 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 60 túmọ̀ sí 60. Tí ẹ bá ní kó ya 60, fọ́tò kọ̀ọ̀kan ò lè la ojú ju 1/60 ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó pa á dé. Ní 25, ó lè là á fún 1/50, kódà ó lè tó 1/25. Ojú tó bá tètè ń pa dé, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé sí i á kéré. Lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, fóònù á wá máa fi ipá gbé ìwọ̀nba tó rí sókè. ISO ni settings ń pe ìyẹn. Ipá yìí ló ń mú kí aṣọ dúdú rí bíi pé wọ́n da gàrí sí i lára.

Gàrí yẹn ò sì dúró lójú kan, ó ń yí padà láti fọ́tò dé fọ́tò. Bí fídíò bá dé ọ̀dọ̀ WhatsApp tàbí Instagram, wọ́n á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ohun tí kò bá yí padà kì í ni ìfúnpọ̀ yìí lára, orí ohun tó ń yí ló ti ń ná agbára rẹ̀. Kò mọ̀ pé gàrí ni, ó rò pé ohun gidi ni. Kó tó kan ọnà ara léèsì, àyè ti tán, ọnà á yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Reels Instagram fúnra rẹ̀, 1080 ni ìbú tó fi ń gbé fídíò jáde. Ẹ sì wo settings iPhone, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ìṣẹ́jú kan ní 1080p, 30, jẹ́ nǹkan bí 60 MB, ìṣẹ́jú kan ní 4K, 60, jẹ́ nǹkan bí 400. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń pariwo lójoojúmọ́ pé òun ti kún, ẹ ti mọ ohun tó kún un. (Sinimá ńkọ́? Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920, 24 ni wọ́n ń lò jù.)

Ọmọ màmá ò parọ́ o. Ibi tó wà ló yàtọ̀. Iná mànàmáná Amẹ́ríkà ń yí síwá sẹ́yìn nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù ibẹ̀ sì ń ṣẹ́jú nígbà 120. Fọ́tò tó la ojú fún 1/60, ẹ̀ẹ̀mejì géérégé ni gílóòbù á ṣẹ́jú mọ́ ọn lára. Tiwa ní Nàìjíríà 50 ni, bíi ti Benin àti ti ìlú ọba, gílóòbù ń ṣẹ́jú nígbà 100. 1/50 á bá a lẹ́ẹ̀mejì, 1/100 á bá a lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n 1/60 á bá a lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀ lé díẹ̀: ibì kan á mọ́, ibì kan á ṣú, ẹ ó sì rí ìlà dúdú tó ń rìn gba ara ògiri kọjá. Àwọn kan á ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn.

Nínú iPhone, ẹ lọ sí Settings, Camera, Record Video, kí ẹ tan Show PAL Formats, 25 á yọjú. Lórí Android, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Pro sí, bó bá ní in, kí ẹ ti shutter (bí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ lajú tó) mọ́ 1/50 tàbí 1/100, kódà bó jẹ́ 30 nìkan ni fóònù gbà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò sí nínú ìṣirò yìí, torí bí fíríìjì bá ti gbé ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń rọlẹ̀, iná rẹ̀ náà ò ní dúró sójú kan. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ò ṣẹ́jú ní tiẹ̀.

Kí n tó wo nọ́ńbà kankan, ojú ẹni tó mú aṣọ dání ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ lórí fóònù. Fóònù gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jáde. Ẹ na léèsì funfun síwájú rẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni tó mú un dání á di èédú. Ẹ tẹ ojú náà mọ́lẹ̀ títí AE/AF LOCK á fi yọ, kí ẹ fa oòrùn kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, kó má dé ibi tí ihò léèsì á ti parẹ́. Bí fóònù yín bá gbà kí ẹ ti white balance (bí fóònù ṣe ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀) pa, ẹ tì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ ti ń kúrò lórí aṣọ kan bọ́ sórí òmíràn láwọ̀ á máa yí, wáìnì á di bíráwùn, oníbàárà á sì dá ọjà padà. Ìjà tí mo ti là lórí èyí nìkan ò kéré.

4K ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gé fídíò sún mọ́ ọnà aṣọ, tàbí YouTube lẹ ń gbé e lọ, tó máa ń fún 4K láyè ju 1080p lọ, ẹ lò ó. 60 náà dára fún ẹsẹ̀ oníjó bàtá tí ẹ fẹ́ fà lọ́ra sí ìdajì. Ní ìta gbangba ni o.

Màmá wa ní Gbági, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọṣẹ́ báyìí pé kó gbé léèsì síta. Wọ́n á kọ́kọ́ fi etí ìró nu ojú kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù ná, torí òróró àkàrà àárọ̀.