Ọwọ́ Kratos kì í ṣe ọwọ́ ìkórìíra

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àmọ́ ohun tí ẹ kọ lánàá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní Kratos, akọni inú géèmù God of War, mọ̀ọ́mọ̀ pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ràn Atreus, ọmọ tó bí lẹ́yìn náà. Ares, òrìṣà ogun, ló tàn án. Ìbínú ti bò ó lójú. Kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, Lysandra ìyàwó rẹ̀ àti Calliope ọmọ rẹ̀ ti kú sí i lọ́wọ́. Eérú wọn ló lẹ̀ mọ́ ọn lára tó fi funfun báyẹn.

Ti Atreus ńkọ́? Ẹ tún God of War ti 2018 gbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àgbọ̀nrín, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Kratos nawọ́ sí i, ó kù díẹ̀ kó kàn án, ó fà á padà. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Tanke ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ gbogbo wa dákẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, ọwọ́ tó ti pa ọmọ kan rí.

Nígbà tí Atreus dùbúlẹ̀ àìsàn, idà tí Kratos ti bò mọ́lẹ̀ nínú ilé ló tún hú jáde, kó lè wá oògùn lọ sí Helheim, ilẹ̀ àwọn òkú. Ṣé ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ á ṣe bẹ́ẹ̀?

Ó le mọ́ ọmọ náà, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Àṣírí pé òrìṣà ni wọ́n, tó fi pamọ́ fún un, wà lára ohun tó fa àìsàn ọ̀hún.