Ẹ Yéé Fi Kún Buffer, Ẹ Yẹ Inú Callback Yín Wò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ áàpù orin fún kọ̀ǹpútà wá bá a pé ohùn ń já, pé ó ń ta pá-pà-pá lórí Windows, bẹ́ẹ̀ lórí Mac kò sí wàhálà kankan. Ẹ̀gbọ́n wa kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. "Fi kún buffer," ìyẹn àyè mẹ́mórì tí ohùn ń dúró sí kí ẹ̀rọ tó gbé e jáde. "Sọ ọ́ di 4096." Ọmọ náà ní "Ẹ ṣé, sà," ó bá tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé àìsàn náà ò lọ. Ó kàn máa fara pamọ́ títí áàpù yóò fi dé ọwọ́ àwọn tó máa rà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ohùn bá ń lọ ní samples 48,000 ní sẹ́kọ́ǹdì kan (sample ni ẹyọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohùn sílẹ̀), tí buffer sì jẹ́ 512 samples, mìlísẹ́kọ́ǹdì 10.7 péré ni buffer kan máa ń gbà kó tó tán. Kó tó tán, callback yín, ìyẹn apá kóòdù yín tí ẹ̀rọ ohùn ń pè pé kó kó ohùn wá, gbọ́dọ̀ ti kó ohùn sínú èyí tó kàn. Bí kò bá tíì ṣe é, ẹ̀rọ kò ní dúró dè é. Ọkọ̀ ojú irin ni, kì í dúró de èrò. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ ni etí ń gbọ́ bíi "pá".

Ẹ wá sọ buffer di 4096. Àkókò yín di mìlísẹ́kọ́ǹdì 85.3, ìlọ́po mẹ́jọ. Àwọn èèyàn máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ti rí àyè mí. Ṣùgbọ́n ohùn tí callback gbọ́dọ̀ ṣe náà ti di ìlọ́po mẹ́jọ! Bí processor yín kò bá lágbára tó láti ṣe samples 512 láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdì 10.7, kò ní lè ṣe 4096 láàárín 85.3. Nítorí náà, bí ohùn bá dáwọ́ jíjá dúró lẹ́yìn tí ẹ fi kún buffer, ẹ̀rí nìyẹn pé agbára kọ̀ǹpútà kọ́ ni ìṣòro. Nǹkan kan wà tó ń dá callback yín dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni nǹkan náà? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n wa bi ọmọ yẹn nìyẹn.

Mo ti bá àwọn kan tún áàpù ìlù ṣe rí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì lórí kíbọọ̀dù, ẹ gbọ́ dùndún. Ẹ tẹ òmíràn, ẹ gbọ́ gángan. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Wọ́n ti gbé buffer dé 4096 kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Onílù kan tí wọ́n ní kó dán an wò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò, torí pé ìlù ń dáhùn lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá lọ. Ta ló lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lùlù? Síbẹ̀ náà, bí ẹ bá di etí wíńdò mú tí ẹ ń fà á kó fẹ̀, ohùn á já.

A wọ̀n ọ́n. A ṣètò àyè kan sílẹ̀ nínú mẹ́mórì, callback ń kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí síbẹ̀, a sì kà á lẹ́yìn tí a pa ohùn. (Ẹ má ṣe print láti inú callback o. Print gan-an wà lára ohun tó ń dá a dúró.) Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ callback kò tó mìlísẹ́kọ́ǹdì kan. Ṣùgbọ́n láàárín wọn, a ń rí ẹyọ kan tó gba ju 40 lọ, àwọn mìíràn sì kọjá 85 pàápàá. Bó ṣe ń rí nìyẹn nígbà gbogbo tí wíndò bá ń fẹ̀. Processor kò ṣe iṣẹ́ kankan fún callback ní gbogbo àkókò yẹn. Callback kàn ń dúró ni.

Mutex ló ń dúró dè, ìyẹn àgádágodo (lock) inú kóòdù tí thread kan ṣoṣo lè di mú lẹ́ẹ̀kan. Thread ni ẹ̀ka iṣẹ́ áàpù tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀ka mìíràn. Thread tó ń ya àwòrán ìgbì ohùn sójú wíńdò ń di mutex kan náà mú, kò sì ń fi í sílẹ̀ títí á fi yà á tán. Bí ẹ bá fẹ wíńdò, àwòrán náà á tóbi, yíyà rẹ̀ á pẹ́, ohùn á sì já. A yọ mutex náà kúrò. A fi ring buffer tí kò lo lock, ìyẹn àyè mẹ́mórì tí a ń lò yíká, rọ́pò rẹ̀, thread kan ń kọ, thread kan ń kà. A dá buffer padà sí 256, ìyẹn mìlísẹ́kọ́ǹdì 5.3. A fa wíńdò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ohùn kò já mọ́, onílù wa sì padà sídìí rẹ̀.

Kì í ṣe nídìí orin nìkan nìyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1997, Mars Pathfinder tí NASA fi ránṣẹ́ sí Mars ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ léraléra: iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù ń dúró de mutex tó wà lọ́wọ́ iṣẹ́ tí kò ṣe pàtàkì, iṣẹ́ mìíràn tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì ń gba processor mọ́ ìyẹn lọ́wọ́. Láti ayé níbí ni wọ́n ti tan priority inheritance fún mutex náà, ìyẹn ètò tó ń yá iṣẹ́ tó di mutex mú ní ipò iṣẹ́ tó ń dúró dè é, ìṣòro sì tán. Wọ́n wá ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì mú un kúrò.

Àwọn tó kọ PortAudio, àkójọ kóòdù tí áàpù fi ń gbé ohùn jáde, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn tipẹ́: ẹ má ṣe béèrè mẹ́mórì nínú callback, ẹ má dá a padà, ẹ má ka fáìlì, ẹ má dúró de mutex. Ẹ jẹ́ kí thread mìíràn ka fáìlì ṣáájú. Bó bá jẹ́ iye kan ṣoṣo ni, bí agbára ohùn, atomic ti tó, ìyẹn iye tí thread kan lè kọ tí òmíràn sì lè kà láìsí lock.

Wọ́n á ní "ó ṣiṣẹ́ lórí Mac mi." Ó lè ṣiṣẹ́. macOS ń pe callback lórí thread tó ní ipò gíga gan-an. Lórí Windows, ní shared mode (níbi tí àwọn áàpù ti jọ ń lo káàdì ohùn) ti WASAPI, ọ̀nà tí áàpù ń gbà fi ohùn ránṣẹ́ lórí Windows, ẹ̀rọ ohùn Windows ló ń pinnu ìgbà tí yóò jí yín, mìlísẹ́kọ́ǹdì 10 ló sì sábà máa ń jẹ́, nọ́ńbà yòówù kí ẹ kọ. PipeWire, tó ń bójú tó ohùn lórí Linux, ní 1024 tirẹ̀ láti ilé. Ìbéèrè lásán ni nọ́ńbà buffer tí ẹ kọ sínú kóòdù, kì í ṣe àṣẹ.

Mo gbà pé ẹni tó fi buffer sí 32 lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lè nílò kó fi kún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àní mo ti rí ẹni tó fi kún buffer torí pé ohùn olórin di tínrín, tó sì ń sáré. Fáìlì rẹ̀ jẹ́ samples 44,100 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, káàdì ohùn wà ní 48,000, áàpù kò sì béèrè iye tí káàdì ń lò. Orin yára ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Resampling ló yẹ kó ṣe, ìyẹn yíyí iye samples fáìlì padà sí iye tí káàdì ń lò. Buffer tó tó odindi sẹ́kọ́ǹdì kan kò lè mú ohùn olórin náà padà sí ipò rẹ̀.