Ojú méjì kò tó wa tírélà wọ Òṣogbo

Ẹ bẹ dẹ́rẹ́bà tírélà tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀nà Ìwó lọ́jọ́ kan, kó jẹ́ kí ẹ gun orí àga rẹ̀. Àwa ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan nínú wa jókòó sáyè dẹ́rẹ́bà, ẹnì kejì lọ dúró níwájú bọ́ńpà. Ọkùnrin tó ga dáadáa ni, síbẹ̀ ṣóńṣó fìlà rẹ̀ nìkan là ń rí. Nígbà tó lóṣòó bí ẹni tó ń ṣa búrẹ́dì tó já bọ́, ó pòórá. Ó wá bọ́ sápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, níbi tí ọlọ́kadà máa ń rá pálá sí bí ọkọ̀ bá há. A wo dígí, a yọjú ní fèrèsé, a kò rí i. Bàbá tó ni sítíárì ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní apá ọ̀tún yẹn, àdúrà lòun fi ń wò ó. Àwa ní kámẹ́rà ló yẹ kó máa fi wò ó.

A kò bá bàbá wí. Bí wọ́n ṣe kan ọkọ̀ náà ni. Àga ga, imú ọkọ̀ yọ síwájú, ẹrù gùn lẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gba apá ọ̀tún títì bíi tiwa, ohun tí àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ ńlá ń kọ́ ará ìlú ni pé kí wọ́n yàgò fún nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 níwájú tírélà àti 30 lẹ́yìn rẹ̀, torí dẹ́rẹ́bà kì í rí ibẹ̀. Lápá òsì, ìlà ọ̀nà kan ló fara sin fún un. Lápá ọ̀tún, méjì ni. Ẹ jọ̀ọ́, títì wo nínú Òṣogbo ló ní ìlà méjì lápá ọ̀tún tírélà? Gọ́tà ló wà níbẹ̀, àti ẹlẹ́kọ, àti ọmọ ilé ìwé tó ń fi ọwọ́ di aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

Ojú tí a fi ń dí àlàfo yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni mọ́tọ̀ bọ́ì. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọmọ náà sáré bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ fi ẹ̀yìn wọ ilé ìtajà símẹ́ńtì. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbá ara ọkọ̀ gbàà gbàà, ó ń pariwo, “Máa bọ̀, máa bọ̀, ó kù díẹ̀!” Apá òsì ló dúró sí, kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí i nínú dígí. Ìyá kan gbé igbá kọjá lápá ọ̀tún, láàárín ọkọ̀ àti ògiri, ọ̀kadà méjì sì tẹ̀ lé e. Àti dẹ́rẹ́bà àti mọ́tọ̀ bọ́ì, wọn kò mọ̀. Tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá pọ̀ díẹ̀ sí i, ọ̀gá kò ní gbọ́ “ó tó” tí ọmọ ń ké.

Kámẹ́rà mẹ́rin là ń wí: ọ̀kan níwájú tó dojú kọ ilẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ dígí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹrin lókè ẹ̀yìn tírélà. Wáyà kó gbogbo rẹ̀ wá sínú tẹlifíṣàn kékeré kan níwájú dẹ́rẹ́bà. Bó bá tẹ tíráfíkétọ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún á gba gbogbo ojú rẹ̀. Bó bá ki jíà sí rìfáàsì, ẹ̀yìn á hàn. Àwọn kan ń ríran lóru, wọ́n sì ń gba ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ìyẹn nìkan tó kí àwọn dẹ́rẹ́bà fẹ́ ẹ, torí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tírélà là ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí ọlọ́kadà gbà wọlé.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ẹrù tó bá ju tọ́ọ̀nù 12 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó wọ ìlú, ìràwọ̀ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń ríran tó láti orí àga. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ tí kò bá tó ìràwọ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ so kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń ké ìkìlọ̀ mọ́ra. Ìlú ló ṣe òfin yìí, kò dúró de gbogbo orílẹ̀-èdè. Amẹ́ríkà kò tíì sọ ọ́ di dandan fún tírélà, àwọn ọlọ́kọ̀ ló ń rà á fúnra wọn. Irú ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ níbí.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pé kó má dúró de Àbújá. Tírélà tàbí tánkà tó bá fẹ́ já ẹrù láàárín Òṣogbo gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́, ibi tó ti ń já ẹrù ni kí wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbé iṣẹ́ yìí lé ọwọ́ àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì. Kí oṣù kan tó pé, “kámẹ́rà ẹ dà?” á ti di orin tí wọ́n fi ń gba owó. A ṣáà rántí ẹ̀rọ tó ń dín eré kù, tí àwọn Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú ọkọ̀ èrò lò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì lónìí, kí ẹ bi dẹ́rẹ́bà léèrè tirẹ̀.

Ẹnubodè ibi ẹrù ló lágbára. Àwọn Road Safety kan náà ní ètò tí wọ́n ń pè ní Safe-to-Load, tí wọ́n fi ń yẹ tánkà wò kó tó gbé epo. Kí wọ́n fi kámẹ́rà kún un. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì fẹ́ mú tánkà tó ń gbé ju 60,000 líta lọ kúrò nílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ibi ìgbépo ni wọ́n gbé òfin náà kà. Bí ilé ìtajà símẹ́ńtì bá kọ̀ láti gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò ní kámẹ́rà, ọlọ́kọ̀ á ra kámẹ́rà.

Wọ́n á ní owó kò sí. Tírélà tó ń lo táyà 22? Ẹni tó rí owó táyà á rí ti kámẹ́rà.

A mọ̀ pé kámẹ́rà kò lè dá bíréèkì tó fẹ́ẹ̀lì padà, bíréèkì ló sì ń já wa láyà jù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹrẹ̀ á bo ojú kámẹ́rà lásìkò òjò, eruku ọyẹ́ á bò ó. Kámẹ́rà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún bátìrì 12 fóòlùtì á jóná lórí tírélà tó ń lo 24. Bí wọ́n bá sì já orí ọkọ̀ kúrò lára ẹrù, wáyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń yọ tó sì tún ń wọlé, kí rẹ́wáyà má baà máa gé e, kó máa fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mọ́tọ̀ bọ́ì kò ní pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Òun ni yóò máa fi àkísà nu ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láràárọ̀, apá ọ̀tún ni yóò sì lọ dúró sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń fi ẹ̀yìn rìn.

Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, nígbà tí àlejò máa ń kún títì láti Ọlaiya títí dé Ọjà Ọba. Kí ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ètò ìrìnnà pe àwọn oníṣímẹ́ńtì, àwọn elépo, àwọn ọlọ́kọ̀ àti ẹgbẹ́ awakọ̀ jókòó kó tó di ìgbà náà, kí wọ́n sì pe bàbá tó ń fi àdúrà wo apá ọ̀tún náà wá.