«Run» kì í ṣe sáré nìkan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní «run» tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí ni sáré, pé ibi yòówù ká ti rí i, sáré ni ká fi túmọ̀ rẹ̀. Tí Òyìnbó bá wá ní «my nose is running», ṣé imú rẹ̀ ń sáré ni? Ikun ló ń dà nímú rẹ̀. «Run out of salt» ńkọ́? Iyọ̀ tán nìyẹn. Ẹni tó ń «run for governor» ń du ipò gómìnà ni, kódà kó jókòó sórí àga látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá a rìn ni kẹ́ ẹ máa wò, kẹ́ ẹ sì kọ́ wọn pọ̀. Àwa náà kúkú ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, kò sẹ́ni tó gbé àwo síwájú.