Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jápa lọ sí Ṣáínà, ẹ gbọ́ ti abúlé o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́. Láti ìgbà tí ọ̀nà Kánádà àti ti Ìlú Ọba ti ń há, Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ yín kọjú sí báyìí. Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp kò ju oríṣi mẹ́ta lọ: ẹni tó ń wá sikọ́láṣíìpù, ẹni tó ń wá iṣẹ́ tíṣà, àti ẹni tó fẹ́ kí n bá òun wá ọmọ Ṣáínà fi ṣaya. Mi ò ní tàn yín. Fídíò tí ẹ ń wò yẹn, ti Shanghai àti Shenzhen ni, iná tó ń kọ mànà lára ilé gogoro, rélùwéè tó ń sá eré àsápajúdé. Ọ̀pọ̀ yín ò ní gbé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti iṣẹ́ tíṣà. Òfin wọn ò ka ọmọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn, nítorí náà ó ṣòro kí ilé-ìwé tó ń tẹ̀lé òfin tó lè gba ìwé iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún wa. Àwọn tó máa gbà yín láìsí ìwé ni jẹ́lé-ó-sinmi tó fara pamọ́ sí ìlú kéékèèké, lẹ́bàá abúlé. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ yín, owó ìtanràn jẹ́ 5,000 sí 20,000 yuan, ìyẹn owó Ṣáínà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá le, àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15 wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi yín sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín yanjú ẹ̀, olè ni.

Ti ìyàwó ló gba àlàyé, torí bí ẹ bá ti fẹ́ ọmọ wọn, abúlé lẹ fẹ́. Kódà bí ìyàwó yín bá ń ṣiṣẹ́ báńkì láàárín ìgboro, ní Ọdún Tuntun wọn, ilé bàbá rẹ̀ lẹ máa lọ. Tèmi, abúlé kan lágbègbè Lüliang ni, ní ẹkùn Shanxi. Inú òkè amọ̀ pupa rúsúrúsú ni wọ́n gbẹ́ ilé sí níbẹ̀, ilé tó móoru lásìkò òtútù tó sì tutù lásìkò ooru. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Mo mọ ìgbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn nítorí Orò, Egúngún ò sì lé mi wọlé rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ má rò pé ojo ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ rèé: ní ọ̀pọ̀ abúlé tó wà níhà àríwá Ṣáínà, ọkùnrin tí kò láya, tí kò bí ọmọkùnrin, kò tíì pé èèyàn. Ì báà wà láyé, ì báà ti kú. Ibẹ̀ ni gbogbo àṣà tó máa dẹ́rù bà yín ti ń ṣàn wá.

Ẹ mú ti ìgbéyàwó òkú. Bí ọmọkùnrin bá kú láìláya, àwọn òbí á gbà pé ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ lọ́hùn-ún, pé yóò máa dá àwọn tó wà láyé láàmú. Kò sì ní ṣeé sin sáàárín àwọn bàbá ńlá rẹ̀ bí ẹni tó pé. Nítorí náà, wọ́n á wá òkú obìnrin tí kò tíì lọ́kọ fún un. Alárinà wà fún iṣẹ́ yìí gan-an. Òun ló máa lọ bá ìdílé ọmọbìnrin náà, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á sanwó orí, wọ́n á se àsè, wọ́n á wá sin àwọn méjèèjì pọ̀ sínú sàréè kan. Shanxi, Shaanxi, Hebei àti Henan ló ti wọ́pọ̀ jù.

Ẹ má sọ pé ìtàn àtijọ́ ni. Lóòótọ́, ó ti pẹ́. Ìwé ìlànà ìjọba Zhou, tó ti ju 2,000 ọdún lọ, ti kà á léèwọ̀, àmọ́ nígbà tí Cao Chong, ọmọ Cao Cao, olórí ogun alágbára kan láyé àtijọ́, kú lọ́dún 208, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 13 lọ, bàbá rẹ̀ wá òkú ọmọbìnrin kan láti ìdílé Zhen, ó ní kí wọ́n sin wọ́n pọ̀. Bí ọlọ́lá bá ṣe é, ta ló máa dá mẹ̀kúnnù lẹ́kun? Lóde òní, òfin ìwà ọ̀daràn wọn ní ẹni tó bá jí òkú lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 3. Síbẹ̀, Shanxi jẹ́ ilẹ̀ èédú, kòtò èédú sì máa ń pa ọ̀dọ́kùnrin. Owó gbà-má-bínú tí ilé-iṣẹ́ san fún òbí, òun náà ni wọ́n á fi wá ìyàwó fún òkú ọmọ wọn. Bí ọjà bá wà, olè á wà. Wọ́n ń hú òkú obìnrin lóru. Ní 2016, àwọn ọlọ́pàá Shaanxi mú ọkùnrin kan, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó pa obìnrin méjì tí ọpọlọ wọn ò pé, torí kó lè ta òkú wọn.

Mo ní kí ẹ tún un kà. Kì í ṣe àròsọ.

Lábúlé àwọn àna mi, sàréè ọmọbìnrin kan wà lórí òkè tí wọ́n da kọ́ńkéré bò mọ́lẹ̀, ó nípọn ju pèpéle ilé lọ. Èmi rò pé olówó ni wọ́n. Ìyàwó mi ló fà mí lápá, ó ní kí n yé wò ó. Nígbà tí a délé ló tó sọ fún mi pé bàbá ọmọ náà ń ṣọ́ ọ ni. Àwa náà kì í se àsè òkú ọ̀fọ̀. A máa ń sin ín ní bòókẹ́lẹ́, òbí kì í tilẹ̀ mọ ojú oórì ọmọ. Àmọ́ tiwa tán síbẹ̀. Tiwọn, wọ́n ṣì ń ru ẹrù ìgbéyàwó ọmọ tó ti kú.

Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó nídìí oúnjẹ, tí ẹ gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ ti ìyàwó fún ẹnì kan tí ẹ mọ̀ pé ó ti kú, ẹ fẹnu yín jẹun. Ẹ má béèrè, ẹ má sì gbé fóònù sókè. Ẹni tó bá ń wá fídíò tí yóò gbòde kan, kó wá a lọ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n wá ni, wọn ò sì ní bi yín léèrè kí wọ́n tó fọ́ fóònù náà.

Pósí ńkọ́? Àwọn àgbà wọn máa ń ṣe pósí sílẹ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le. Ọmọ gidi ló ń ra pósí fún òbí rẹ̀ tó wà láàyè, wọ́n gbà pé ó ń fa ẹ̀mí gùn. Ẹ lè wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yín sí, kí ẹ bá méjì níbẹ̀, ti ìyá àti ti bàbá, kí wọ́n sì ti kó àgbàdo sínú ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ilé, ẹ ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́. Bí bàbá bá fi tiẹ̀ hàn yín, ẹ yin igi náà. Inú rẹ̀ á dùn ju kí ẹ fún un lówó lọ. Ní 2018, ìjọba Jiangxi ní sísun nìkan ni kí wọ́n máa sun òkú, wọ́n ń wọlé arúgbó lọ kó pósí, wọ́n ń fi katakata fọ́ ọ lójú wọn. Àwọn arúgbó kan lọ dùbúlẹ̀ sínú tiwọn kí wọ́n má baà rí i gbé. Bí ẹ bá mọ̀yẹn, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá yẹn kì í ṣe ohun ẹ̀rù fún wọn.

Níbi ìsìnkú, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, kì í ṣe ọmọ bíbí ilé nìkan, àna ọkùnrin ní tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì ní kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ forí kanlẹ̀. Ọmọ Yorùbá ò gbọdọ̀ ṣàròyé ìdọ̀bálẹ̀. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń fọ́ àwo amọ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbé pósí kúrò nílé. Ẹni tó bá fọ́ àwo, òun ni àrólé. Bí àna yín ò bá bí ọkùnrin, ẹ wádìí ṣáájú ẹni tó máa fọ́ ọ, torí ìjà ilẹ̀ àti ilé lè tibẹ̀ ṣẹ́yọ láàárín ìyàwó yín àti ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀.

Wọ́n ń háyà asunkún, tí yóò fi gbohùngbohùn sunkún títí omi yóò fi lé lójú àlejò. Ìyẹn ò burú. Èyí tó máa yà yín lẹ́nu ni ti àwọn àgbègbè kan ní Hebei, Henan, Anhui àti Jiangsu, níbi tí wọ́n ti ń háyà ọmọbìnrin kó wá jó ìhòòhò níwájú pósí. Kí èrò lè pọ̀ ni, torí òkú tí èrò pé lé lórí ni òkú iyì. Ní 2006, wọ́n mú èèyàn márùn-ún ní Donghai, ní Jiangsu, lórí ẹ̀. Ní 2015, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àṣà tún kéde pé àwọn máa fòpin sí i. Ẹ̀yin tí ẹ yá owó gọbọi pe olórin síbi òkú bàbá yín, ẹ rọra bú wọn.

Owó orí wá ńkọ́? Ètò ìjọba pé kí tọkọtaya bí ọmọ kan ṣoṣo, tó lọ láti ọdún 1979 títí di 2015, pẹ̀lú báwọn èèyàn ṣe ń wá ọmọkùnrin lójú méjèèjì, wà lára ohun tó mú kó ga tó bẹ́ẹ̀: ètò ìkànìyàn 2020 fi hàn pé ọkùnrin wọn fi nǹkan bí mílíọ̀nù 35 ju obìnrin lọ. Obìnrin wọ́n, pàápàá lábúlé, torí ìgboro ni wọ́n ń sá lọ. Ní àwọn abúlé kan, ohun tí wọ́n ń béèrè ni bébà owó 5 yuan tí iye rẹ̀ jẹ́ 10,000, ìyẹn aláwọ̀ àlùkò, àti bébà 100 yuan tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,000, ìyẹn pupa, pẹ̀lú díẹ̀ nínú 50 yuan aláwọ̀ ewé. Ẹ ṣírò ẹ̀: 150,000 yuan ti pé kí ẹ tó dé orí ewé. Ilé àti mọ́tò ò sí nínú ìyẹn. Láti oṣù kejì 2024, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ti fi ìlànà lélẹ̀ lórí bí a ṣe lè gba owó yìí padà bí ìgbéyàwó ò bá dúró. Nítorí náà, ẹ fi owó ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì, kí ẹ̀rí wà. Ẹ má kà á sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n á fi ọkọ àti ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ó ń lé ẹ̀mí àìrí. Ó dára bó bá jẹ́ ẹ̀rín, àmọ́ ibòmíràn wà tí wọ́n ń so ọkọ mọ́ òpó, tí wọ́n ń da ẹyin àti sọ́ọ̀sì lé e lórí, tí ọwọ́ àwọn ọ̀mùtí sì ń lọ sára àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó. Ní Guizhou ní 2018, ọkọ ìyàwó kan sá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀, mọ́tò sì gbá a. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tí wọ́n bá pè ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó lábúlé, ẹ kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin obìnrin náà, bó bá jẹ́ ọmọkùnrin wọn lẹ fẹ́, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá bímọ, odindi oṣù kan ni ìyá ọkọ yóò fi sé yín mọ́lé. Kò sí omi tútù, kò sí atẹ́gùn, àwọn mìíràn ò sì ní jẹ́ kí ẹ fọ irun. Ìyá tiyín á máa pariwo lórí fóònù pé kí ẹ fomi gbígbóná jo ikùn, ìyá ọkọ á ní omi ò gbọdọ̀ kàn yín. Ẹ bá ọkọ sọ ọ́ kí oyún tó dé. Ẹ má fi páńsìpọ́ọ̀tù yín sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n rí obìnrin kan ní Fengxian, ní Jiangsu, tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so lọ́rùn nínú ahéré. Ọmọ mẹ́jọ ló ti bí. Ní ọdún 2023, wọ́n rán ọkọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 9. Ọmọ Ṣáínà ni o, wọ́n sì tà á.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá nínú kàlẹ́ńdà wọn, ẹ ó rí wọn ní ìkóríta, wọ́n á fa àmì róbótó sílẹ̀, wọ́n á máa sun aṣọ tí wọ́n fi bébà ṣe ránṣẹ́ sí òkú wọn torí òtútù ń bọ̀. Ẹ má tẹ eérú náà. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé wa ò jẹ́ tẹ ohun tó bá rí ní oríta tẹ́lẹ̀. Bí ìgbàgbọ́ yín ò bá gbà kí ẹ bá wọn sun bébà, ìyàwó yín ni kí ẹ sọ fún, ṣáájú ìgbéyàwó, kó bá yín bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé itẹ́ òkú.

Ó ku ti ìwé. Fífẹ́ ọmọ Ṣáínà ò sọ yín di ọmọ Ṣáínà, wọn ò gbà kéèyàn jẹ́ ọmọ ìlú méjì. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń fún ọkọ tàbí aya kò fún yín láṣẹ iṣẹ́. Fún ìwé àgbégbé, ìyẹn èyí tí ẹ ó fi lè máa gbé ibẹ̀ lọ títí, ìgbéyàwó náà gbọ́dọ̀ pé ọdún 5, kí ẹ sì ti gbé ibẹ̀ ọdún 5 léraléra, oṣù 9 ó kéré tán lọ́dọọdún, pẹ̀lú ilé àti owó tó ń wọlé. Ẹ ó máa jẹ oúnjẹ àna títí dìgbà náà, àyàfi bí ẹ bá rí ìwé iṣẹ́ tiyín gbà.

Bí ẹ bá sì dé abúlé, láàárín wákàtí 24 ni kí ẹ ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibẹ̀. Ìtanràn rẹ̀ lè tó 2,000 yuan. Àna yín á ní kò pọn dandan, pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ yín. Ẹ lọ. Ẹ mú ìyàwó àti ìwé ilé bàbá rẹ̀ dání, kí ẹ sì jẹun dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé, torí ọlọ́pàá abúlé lè má tíì rí páńsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà rí, ó sì lè fi gbogbo òwúrọ̀ wá orílẹ̀-èdè wa lórí kọ̀ǹpútà.